Àwọn ultrà ilẹ̀ Ítálì: ta ló ni ẹ̀yìn ilé góòlù?

Ní ọjọ́ Àìkú 22 oṣù kẹrin ọdún 2012, Siena lọ bá Genoa gbá bọ́ọ̀lù nílé wọn. Abala kejì kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí àlejò ti fi 4-0 na onílé. Làwọn ultrà Genoa, ìyẹn àwọn alátìlẹ́yìn paraku tó wà nínú ẹgbẹ́, bá dìde lẹ́yìn ilé góòlù, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ pápá wá sí orí ihò tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà wọlé, wọ́n ń ju iná olóèéfín sórí koríko. Rẹfirí dá eré dúró. Wọn ò béèrè owó, wọn ò sì ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ohun tí wọ́n ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n bọ́ jẹ́sì Genoa kúrò lọ́rùn, nítorí wọn ò yẹ lẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́.

Balógun ẹgbẹ́ náà, Marco Rossi, bẹ̀rẹ̀ sí í gba jẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn lé apá. Ẹnìkan ń sunkún. Giuseppe Sculli nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ó lọ bá àwọn ultrà náà, ó fọwọ́ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn lọ́rùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ létí lójú gbogbo ayé. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ara wọn tó wálẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ti lọ kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì parí sí 4-1. Ọlọ́pàá wà nínú pápá ní gbogbo àkókò náà. Ààrẹ kílọ́ọ̀bù, Enrico Preziosi, náà sọ̀ kalẹ̀ wá sórí koríko. Kò sẹ́ni tó lé wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyẹn. Ẹni tó ń wo Serie A lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn tàbí Cotonou á rí àsíá, á rí iná, á gbọ́ ìlù àti orin tí kì í dáwọ́ dúró, orí rẹ̀ á sì wú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á gbọ́ pé irú àwọn ènìyàn yìí kan náà ń ké bí ọ̀bọ sí agbábọ́ọ̀lù adúláwọ̀, tàbí pé wọ́n gún ẹnìkan lọ́bẹ lóde pápá, tàbí pé ọlọ́pàá kó àwọn olórí wọn nítorí ọ̀rọ̀ máfíà. Èwo ni ká mú, èwo ni ká jù sílẹ̀? Lójú tèmi, kò sí èyí tó ṣeé jù sílẹ̀ níbẹ̀. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá: àwọn ultrà gbà pé ẹ̀yìn ilé góòlù jẹ́ ilẹ̀ tiwọn, àti pé àwọn ló ni kílọ́ọ̀bù, kì í ṣe olówó tó rà á, kì í sì ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ń kọjá lọ. Ẹni tó bá ti mú èyí dání, ìyókù á máa yé e díẹ̀díẹ̀.

Ta ni ultrà?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Ítálì kì í ṣe ultrà. Bàbá àgbà tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún kan, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀, tó sì ń bú rẹfirí, olólùfẹ́ lásán ni. Ultrà ni ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ní orúkọ, tó ní olórí, tó ní bánà, tó sì ní àyè tirẹ̀ pàtó nínú curva, ìyẹn pẹpẹ ìjókòó tó wà lẹ́yìn ilé góòlù kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ti dínwó jù, torí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí eré dáadáa níbẹ̀, ìyẹn ló sọ ọ́ di ibùdó àwọn ọ̀dọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ní San Siro ní ìlú Milan, Inter ló ni Curva Nord, ìyẹn ti àríwá, AC Milan ló ni Curva Sud, ìyẹn ti gúúsù. Ní Olimpico ní Róòmù, Lazio ló ni ti àríwá, Roma ló ni ti gúúsù. Kò sí ìwé kankan tó fi ibẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ̀ pé tiwọn ni.

Fossa dei Leoni ti AC Milan, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968, ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́. Ti Inter, ti Sampdoria àti ti Torino tẹ̀ lé e lọ́dún 1969, ti Verona dé lọ́dún 1971. Ẹ kíyè sí àwọn ọdún yẹn. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń wọ́de káàkiri Ítálì ni, tí bọ́ǹbù àti ìbọn sì ń wọ inú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀dọ́ tó wà níbi ìwọ́de láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń lọ sí pápá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n kó ìlù lọ síbẹ̀, wọ́n kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ, wọ́n kó ohùn orin ìwọ́de lọ, wọ́n sì kó orúkọ lọ pẹ̀lú: Brigate, Commando, Fedayn. Orúkọ jagunjagun ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ìjà gan-an tó le.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn jàǹdùkú bọ́ọ̀lù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nígbà kan. Àwọn yẹn, ìjà ni wọ́n bá wá. Ultrà ń jà, ó sì ń jà burúkú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kà sí iṣẹ́ ni pé kí curva rẹ̀ ju ti ọ̀tá lọ ní ohùn àti ní ẹwà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Olórí, tí wọ́n ń pè ní capo, máa ń gun irin ààbò tó wà níwájú pẹpẹ, á kọ ẹ̀yìn sí pápá. Òun ló ń dá orin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń gbè é. Ó lè lọ sí gbogbo eré inú ọdún kan kí ó má fi ojú ara rẹ̀ rí góòlù kan ṣoṣo bó ṣe ń wọlé. Tó bá rí ẹni tó jókòó, tàbí ẹni tó ń tẹ fóònù, á kọjú sí i, á sì bú u níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Orin wọn kì í wo ojú bọ́ọ̀lù. Bí kílọ́ọ̀bù ń borí, bó ń fìdí rẹmi, ìṣẹ́jú 90 ni wọn yóò fi kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rí àwọn tí wọ́n ti na ní góòlù mẹ́rin tí wọ́n ṣì ń fò sókè, tí a ó sì máa bi ara wa pé ṣé orí wọn pé.

Lọ́jọ́ dábì, wọ́n á gbé àwòrán ńlá kan jáde tó bo curva látòkè délẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ìwé aláwọ̀ sórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ènìyàn gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Coreografia ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló ń kùn ún lóru nínú ilé ìkẹ́rùsí, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan péré kí rẹfirí tó fun fèrè. Owó rẹ̀ ń wá láti ara ìborùn, fìlà àti sítíkà tí wọ́n ń tà, àti èésú tí wọ́n ń dá. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni pé kílọ́ọ̀bù kò sanwó rẹ̀. Ibi tí owó ọjà títà yìí wá gbé àwọn kan dé, a máa tó débẹ̀.

Bánà tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀ ni ọlá wọn. Tí ọ̀tá bá gbà á lọ́wọ́ wọn, ìlànà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ náà tú ká. Fossa dei Leoni tó jẹ́ àkọ́bí gbogbo wọn tú ká lọ́dún 2005 lẹ́yìn wàhálà bánà láàárín wọn àti àwọn ultrà Juventus. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àwọn ultrà Red Star Belgrade wá láti Serbia, wọ́n ká àwọn Fedayn ti Roma mọ́ nítòsí Olimpico lẹ́yìn eré Roma àti Empoli, wọ́n sì gba bánà ẹgbẹ́ tó ti wà láti ọdún 1972. Wọ́n gbé e lọ sí Belgrade, wọ́n fi í hàn ní ìdoríkodò nínú curva tiwọn, wọ́n sì sun ún níná. Aṣọ lásán ni lójú àwa tó ń wòran. Ọ̀fọ̀ ni ní Róòmù.

Wọ́n tún máa ń mulẹ̀ pẹ̀lú ara wọn. Curva Lazio àti ti Inter jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ti Roma àti ti Napoli jẹ́ ọ̀rẹ́ rí, ó bàjẹ́ lọ́dún 1987, kò sì tún ṣeé ṣe mọ́ láti ìgbà náà. Ní ti òṣèlú, kì í ṣe òótọ́ pé gbogbo curva ló jẹ́ ti fásíìsì. Livorno, ìlú tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Kọ́múnísì Ítálì sílẹ̀ lọ́dún 1921, ní curva tó wà ní apá òsì òṣèlú pátápátá; Cristiano Lucarelli, ọmọ ìlú náà, wọ nọ́ńbà 99 nítorí ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ultrà ibẹ̀ sílẹ̀. Ti Lazio àti ti Verona ni apá ọ̀tún òṣèlú, a sì rántí Paolo Di Canio, tó ti bá àwọn ultrà Lazio rìn nígbà èwe rẹ̀, tó na ọwọ́ kí wọn bíi ti ayé Mussolini, olórí fásíìsì Ítálì, lẹ́yìn dábì oṣù kìíní ọdún 2005. Láàárín àwọn kílọ́ọ̀bù ńláńlá lónìí, apá ọ̀tún ló lágbára jù.

Àwọn tó kú

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1979, Vincenzo Paparelli, ẹni ọdún 33, wà ní Curva Nord pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń dúró de dábì Róòmù. Kì í ṣe ultrà. Ẹnìkan ní Curva Sud tó kọjú sí wọn yin iná tí àwọn atukọ̀ ojú òkun fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Iná náà fò kọjá lórí gbogbo pápá, ó wọ̀ ọ́ lójú, ó sì kú. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà tán.

Mi ò ní ka gbogbo òkú tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ultrà fi kórìíra ọlọ́pàá ju bí wọ́n ṣe kórìíra ara wọn lọ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2007. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, Catania ń gbàlejò Palermo ní erékùṣù Sicily. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín ultrà Catania àti ọlọ́pàá, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Filippo Raciti, sì fara gbọgbẹ́, ó kú. Wọ́n dá gbogbo bọ́ọ̀lù Ítálì dúró. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, pápá tí kò bá ìlànà ààbò mu gbá bọ́ọ̀lù láìsí èrò ìwòran. Wọ́n fòfin de ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti bánà tí ìjọba kò fọwọ́ sí.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, Gabriele Sandri, ọmọ ọdún 26 tó ń ti Lazio lẹ́yìn, wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Milan. Ìjà díẹ̀ wáyé láàárín wọn àti àwọn ará Juventus ní ilé epo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ nítòsí Arezzo. Ọlọ́pàá kan tó wà ní òdìkejì òpópónà náà yìnbọn, ọta sì bá Sandri lọ́rùn níbi tó jókòó sí nínú ọkọ̀. Wọ́n sún eré Inter àti Lazio síwájú, ṣùgbọ́n wọn kò dá líìgì dúró. Ní Bergamo, àwọn ultrà Atalanta fi irin fọ́ dígí ààbò títí eré wọn pẹ̀lú Milan fi túká. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, àwọn ultrà Roma àti ti Lazio, ọ̀tá àtayébáyé, jọ kọlu àgọ́ ọlọ́pàá ní Róòmù. Ohun tó bí wọn nínú kò ṣòro láti lóye: ọlọ́pàá kú, gbogbo bọ́ọ̀lù dúró, ọmọ tiwọn kú, wọ́n ní kí eré máa lọ. Ilé ẹjọ́ rán ọlọ́pàá náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 4 nígbẹ̀yìn.

Kí ló dé tí kílọ́ọ̀bù ò lé wọn?

Ìbéèrè yìí ni kókó, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú òfin kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rí. Lábẹ́ òfin àjọ bọ́ọ̀lù Ítálì, kílọ́ọ̀bù ló ń jẹ̀bi ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ bá ṣe, yálà ó mọ̀ sí i tàbí kò mọ̀ sí i. Tí curva bá kọrin ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kílọ́ọ̀bù ló ń san owó ìtanràn. Tí wọ́n bá ju iná sórí koríko, wọ́n lè ti curva náà pa, tàbí kí wọ́n ti gbogbo pápá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ jẹ́sì yẹn, Genoa gbá eré méjì nílé láìsí èrò ìwòran.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà dára: kí kílọ́ọ̀bù lè kó àwọn ènìyàn rẹ̀ níjàánu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fà. Ó fi pàṣán lé ultrà lọ́wọ́. Capo tó lè mú kí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn dákẹ́ tàbí kí wọ́n hó, òun náà ló lè mú kí kílọ́ọ̀bù pàdánù owó ńlá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò ní kó gbé ọ̀bẹ. Kó ṣáà sọ fún ọ̀gá kílọ́ọ̀bù pé, "Ẹ̀gbọ́n, dábì ń bọ̀ o, tíkẹ́ẹ̀tì tiwa dà?"

Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní gárééjì ọkọ̀ ní Èkó kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ìjọba ló ni ilẹ̀, onímọ́tò ló ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di ojú ilẹ̀ mú ni gbogbo wọn ń san nǹkan fún. Bí curva ṣe rí nìyẹn. Kílọ́ọ̀bù á fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú tàbí lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á tà á ní ìlọ́po iye rẹ̀. Ìborùn àti fìlà tí wọ́n fi ń rówó kùn bánà tẹ́lẹ̀ wá di òwò ńlá. Irriducibili, ẹgbẹ́ ultrà Lazio tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, ti ní ilé ìtajà àti àmì ọjà tiwọn kí wọ́n tó tú ká lọ́dún 2020. Nígbà tí owó sì ti wọ ọ̀rọ̀, àwọn tí kò nífẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù rárá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn wọlé.

Juventus ló kọ́kọ́ fi ojú ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Wọ́n ń fún àwọn olórí ultrà ní tíkẹ́ẹ̀tì púpọ̀ kí àlàáfíà lè wà, ìwádìí sì fi hàn pé ẹnìkan láti ìdílé kan tó wà nínú 'Ndrangheta, máfíà ilẹ̀ Calabria, wà nídìí òwò náà. Lọ́dún 2017, àjọ bọ́ọ̀lù fìyà jẹ ààrẹ Juventus, Andrea Agnelli. Nígbà tí kílọ́ọ̀bù wá gé àǹfààní wọn kù, curva dákẹ́ lọ gbári, orin èébú sì tẹ̀ lé e. Juventus gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n mú olórí ultrà 12. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé orin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n kọ kì í ṣe nítorí ìkórìíra nìkan. Wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n lè bu owó ìtanràn lé kílọ́ọ̀bù ara wọn.

Ti Milan tún burú ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n yìnbọn pa olórí àgbà kan nínú Curva Nord ti Inter nítòsí ilé rẹ̀. Inter ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní San Siro lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ìròyìn kàn wọ́n, àwọn ultrà ká bánà wọn, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹni tó wà ní curva jáde. Bàbá tó mú ọmọ rẹ̀ wá, ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn tó sì san owó rẹ̀ pé, gbogbo wọn ni wọ́n lé jáde, tí abala kan pápá sì ṣófo nígbà tí eré ń lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, olórí mìíràn nínú curva yìí kan náà pa ọkùnrin kan tó jáde láti ìdílé 'Ndrangheta. Kí oṣù náà tó parí, ọlọ́pàá mú ènìyàn 19 láti curva Inter àti ti AC Milan. Lórí pápá ọ̀tá ni wọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn: ibi ìgbọ́kọ̀sí, tíkẹ́ẹ̀tì, àti àwọn tó ń ta oúnjẹ àti ohun mímu yíká San Siro. Ilé ẹjọ́ Milan rán àwọn olórí wọn lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 2025.

Àfikún kékeré kan, kí a má bàa rò pé àwọn kílọ́ọ̀bù ńlá nìkan ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fòfin de àwọn alátìlẹ́yìn Nocerina láti lọ wo eré kílọ́ọ̀bù wọn ní Salerno. Wọ́n dúró de àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ wọn pé tí àwa ò bá lọ, ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ gbá a. Eré bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, Nocerina pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà làwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n di ẹsẹ̀ mú, wọ́n ń jáde, títí tí wọn ò fi pé iye tí òfin sọ mọ́. Eré náà kò lò ju ìṣẹ́jú bíi 20 lọ. Wọ́n lé Nocerina kúrò nínú líìgì náà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ará Cagliari ké bí ọ̀bọ sí Romelu Lukaku nígbà tó fẹ́ gbá pẹnáritì fún Inter. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ultrà Inter fúnra wọn ṣe: wọ́n kọ lẹ́tà sí Lukaku pé kó má bínú, pé àwọn ará Cagliari kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń da ọkàn ọ̀tá rú ní Ítálì ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwàdà ni. Wọn ò ṣe àwàdà. Nínú curva, èébú jẹ́ ohun ìjà, gbogbo ohun tó bá lè dun ẹni tó wà níwájú ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń kọrin sí àwọn ará Naples pé kí òkè oníná Vesuvius fi iná wẹ̀ wọ́n. Lójú wọn, gbogbo rẹ̀ kan náà ni.

Àlàyé yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, Akeem Omolade sì ni ìdí. Ọmọ Nàìjíríà ni, ọmọ ọdún 18, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Treviso lọ́dún 2001. Nígbà tó wọ pápá nílùú Terni, àwọn tó bú u kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ultrà Treviso, kílọ́ọ̀bù tirẹ̀, ni, wọ́n sì bínú kúrò níbẹ̀. Ọ̀tá wo ni wọ́n ń da ọkàn rẹ̀ rú nígbà yẹn? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn agbábọ́ọ̀lù Treviso kun ojú wọn ní dúdú, wọ́n sì bá a jáde bẹ́ẹ̀ sórí pápá. Omolade kú ní Palermo lọ́dún 2022.

Kì í ṣe pé curva kò lè nífẹ̀ẹ́ adúláwọ̀. Nígbà tí Ademola Lookman gbá góòlù mẹ́ta wọlé sí Leverkusen ní Dublin ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, tí Atalanta fi gba ife Europa League, Bergamo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e pọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, rẹfirí ti dá eré Atalanta àti Fiorentina dúró nítorí orin tí àwọn ará Bergamo kọ sí Dalbert, ọmọ Brazil tó dúdú. Ìfẹ́ curva wà fún jẹ́sì. Ẹni tó bá wọ tiwọn á jẹ nínú rẹ̀ títí dìgbà tó bá bọ́ ọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdàkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìlú Bergamo yìí kan náà ni. Nígbà tí kòrónà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìlú náà run lọ́dún 2020, tí ọkọ̀ àwọn ológun ń kó pósí jáde lóru, àwọn ultrà Atalanta wà lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ ilé ìwòsàn pàjáwìrì sínú gbọ̀ngàn ọjà ìlú. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jọ kíákíá, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn sí olórí. Ètò tó ń gbé bánà ró náà ló gbé ilé ìwòsàn yẹn ró.

Ohun tí ìjọba ti ṣe, àti ohun tí àlejò ní láti mọ̀

Ohun ìjà ìjọba tó gbó jù ni Daspo, tó wá láti inú òfin ọdún 1989. Ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè lè fi í lé ẹnikẹ́ni kúrò ní pápá fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìdúró de ìdájọ́. Wọ́n lè tún ní kí onítọ̀hún máa lọ fọwọ́ síwèé ní àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́, kó má bàa yọ́ lọ. Àwọn ultrà ní ìwà ìrẹ́jẹ ni, torí wọ́n ń jìyà kí wọ́n tó rójú adájọ́, àwọn agbẹjọ́rò kan náà sì gbà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú kí orúkọ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2010, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Roberto Maroni, gbé káàdì alátìlẹ́yìn jáde tí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ bá kílọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ ní nígbà náà. Ọ̀pọ̀ curva kọ̀ láti gbà á. Ìjà nínú pápá dín kù gan-an láti ìgbà náà, ó sì sún lọ sí ojú ọ̀nà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn ultrà Roma àti Napoli pàdé ní ilé epo tí wọ́n ti pa Sandri yẹn gan-an, wọ́n fi òkò àti igi bá ara wọn jà títí ọkọ̀ ò fi lè kọjá lórí òpópónà náà. Ìjọba dá àwọn méjèèjì lẹ́kun ìrìn àjò fún oṣù méjì.

Fún ẹ̀yin tó ń gbé ní Ítálì, tàbí tó fẹ́ lọ láti London tàbí Èkó: ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín dání, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ orúkọ ara tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó wòran, ẹ ra tribuna, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ pápá. Nọ́ńbà ìjókòó tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì curva kò wúlò fún ohunkóhun. Ìdúró ni gbogbo wọn wà, àárín gbùngbùn sì jẹ́ ti àwọn tó ni bánà. Ẹ má ṣe wọ àwọ̀ kílọ́ọ̀bù mìíràn débẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé fóònù sókè ya ojú wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọlọ́pàá ń lo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ eré tó gbóná, prefetto, ìyẹn aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní àgbègbè, lè sọ pé kí wọ́n má ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ń gbé ní ibi tí àlejò ti wá. Ọ̀sẹ̀ tí eré náà bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kéde rẹ̀, nítorí náà ẹ má tíì sanwó ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní ìdápadà.